Ọwọ́ Tó Ń Wá Èémí

Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí Àkíbù onífìlà sí. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ nígbà tí ìrọbí mú un, ó ní òun á délé kí ó tó kan òun gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kò ní sùúrù yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé onílé ló bí i sí, kí wọ́n tó ráyè wá aṣọ tí wọn yóò fi gbà á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ojú kan rí. Bí ó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá ń kírun, ẹni tó dúró tì í á máa bẹ̀rù pé yóò ṣíwájú lèmọ́mù forí kanlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Kánmọ́kánmọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju Àkíbù tí àáfà pè sí i létí lọ.

Fìlà ló ń rán. Ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, níbi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹ má fi ìwà rẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀ o. Kò sí ẹni tó mọ abetí ajá í rán bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Kí àwọn onífìlà yòókù tó rán ẹyọ kan tán, òun á ti rán méjì, á ti bá ẹnì kan jà, á sì ti lọ bẹ onítọ̀hún. Bushrah ìyàwó rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Gbági. Ibẹ̀ ló ti rí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì fi rí i, tó fẹ́ ẹ, tó gbé e wọlé sí agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà. Ọmọ méjì ló bí fún un. Basit, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni àbúrò. Mutmainnah, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni àkọ́bí.

Àáfà tó sọ ọmọbìnrin náà lórúkọ ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bóyá wọn ò wo ilé Kánmọ́kánmọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjìlá, orúkọ náà ro ọmọ. Ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, ìyẹn Ìyá Àgbà Sìdí, obìnrin tó máa ń rọra ṣe nǹkan, tí kì í gbé ohùn sókè. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Ìyá Àgbà ló ń fi oríkì jí i láràárọ̀, òun ló ń di irun rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun ló sì kọ́ ọ láti máa gbá etí fìlà pọ̀ fún bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó sí iwájú yàrá láti ìdájí títí di ọ̀sán láìsọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, inú wọn á sì dùn. Àkíbù kì í lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sáré kọjá, ó máa ń wù ú láti wò wọ́n.

Nígbà ooru ọdún tó kọjá, Ìyá Àgbà kú ní ọ̀sán gangan. Ní agbo ilé yìí, wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé rí òkú. Kí wọ́n tó wẹ ìyá náà, wọ́n ti kó àwọn ọmọ lọ sí ilé mọ̀lẹ́bí kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín sí iwájú yàrá rẹ̀, bí wọ́n ti ń sin gbogbo àgbà ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fídáù, wọ́n kó àwọn ọmọ padà, wọ́n sì sọ fún Mutmainnah pé Ìyá Àgbà ti lọ sí Mẹ́kà. Ọmọ ọdún méjìlá o! Ó wo sìmẹ́ǹtì tuntun tó wà níwájú yàrá, ó wo ojú àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Wọ́n á dé láyọ̀." Gbogbo wọn mí kanlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀rọ̀ ò tán. Kí oṣù tó pé, ọmọ tó máa ń jókòó bí omi inú àmù kò lè jókòó mọ́. Ó ń dìde, ó ń yí ilé ká. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lọ́sàn-án, Mutmainnah á yọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú imú onítọ̀hún, á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì lọ. Basit ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ìyálé ilé, àwọn arúgbó tó ń sùn sórí àga, títí kan tíṣà ìṣirò tó ń tòògbé ní kíláàsì. Nígbà tó yá, á dìde láàárín ẹ̀kọ́, á rìn jáde, á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Basit láti lọ wò ó bóyá kò sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé e padà wálé.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ilé tí èrò pọ̀ sí máa ń sọ. Wọ́n ní ó ń fa èémí ènìyàn mu. Wọ́n ní Ìyá Àgbà fi nǹkan lé e lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ jí lójú oorun, ó rí ọwọ́ Mutmainnah lórí imú ìkókó òun, igbe tí ó ké sì kó gbogbo ilé jọ. Bàbá Muhydeen, ẹni ọgọ́rin ọdún tó jẹ́ baálé wọn, pe Àkíbù jókòó síwájú gbogbo àgbà.

"Àkíbù, ọmọ rẹ ò ní pa ọmọ ọlọ́mọ fún wa nínú ilé yìí. Mo fún ọ ní Jímọ̀ méjì. Bí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kejì, mọ́tò á wá, a ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn."

Àkíbù mọ ibẹ̀. Ó ti gbé fìlà lọ fún ẹni tó ni ín nígbà kan. Ilé kan ni lẹ́yìn ìlú, ó ní ọgbà gíga, ó sì rí àwọn ọmọ níbẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ wọn, tí wọ́n so mọ́ ìdí igi bí ẹran ọdún. Ọ̀kan nínú wọn kí i káàbọ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù mú un débi pé nígbà tí ó dìde níwájú Bàbá Muhydeen, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ti káwọ́ gbera láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti sáré ju bó ti yẹ lọ. Ó ti lọ bá Àáfà Zakariyya ní ẹ̀yìn ilé wọn, ìyẹn sì ń kọ àyọkà Kùráánì sórí wàláà, ó ń fọ̀ ọ́ ní hántú fún ọmọ mu. Ó ti lọ bá Fákáyọ̀dé oníṣègùn ní ojúlé kejì sí ti àáfà, ìyẹn sì ń fún un ní àgbo. Ó ti ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló sọ pé, "Ẹ̀yin nìkan ni mo gbójú lé." Hántú láàárọ̀, àgbo lọ́sàn-án, oògùn kẹ́míìsì lálẹ́. Bí ẹni pé àìsàn jẹ́ ilẹ̀kùn, kí a sáà máa ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ títí ọ̀kan á fi ṣí i. Ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìpàdé náà, Mutmainnah ṣubú lulẹ̀ nídìí kànga.

Bushrah ló gbọ́ nípa dókítà kan lẹ́nu oníbàárà rẹ̀ ní Gbági. Wọ́n ní àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń tọ́jú, wọ́n ní ó máa ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Òkè Bọ́lá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gbé ọmọ lọ. Dókítà Morádéyọ̀ jẹ́ obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Àga wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹní ló jókòó sí, ó sì ní kí wọ́n wá bá òun níbẹ̀.

Àkíbù ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kí ó tó jókòó tán. Dókítà gbọ́ ọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ìbéèrè tí kò yé e. Kí ni ọmọ jẹ láàárọ̀? Ta ló ń bá a jẹun? Ó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́? Kí ló fẹ́ràn nínú ìrun kíkí? Ta ló ń di irun rẹ̀?

"Dókítà, orí ló ń ṣe é, kì í ṣe irun," ni Àkíbù wí, ó sì ti ń mi ẹsẹ̀.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá Mutmainnah, irun náà, ṣebí orí ló wà. Ta ló ń dì í?"

Bushrah ló dáhùn. "Ìyá Àgbà ni tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, mo ní kí wọ́n gé e. Mi ò ráyè."

"Ta ló ń jí i láàárọ̀?"

"Ìyá Àgbà náà ni. Oríkì ni wọ́n fi ń jí i."

"Báyìí ńkọ́?"

Bushrah wo ilẹ̀. "Fóònù ni. A ṣe é kó máa dún."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí ọmọ ti lò. Àkíbù ní kò lo nǹkan kan. Bushrah fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní ìhà, ó sì tú àpò tó gbé lọ́wọ́, ìgò méje ló jáde pẹ̀lú páálí oògùn kan. Àkíbù rò pé dókítà yóò bú òun. Kò bú u. Ó ṣí ìgò kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn wọn, ó ya ẹyọ kan sọ́tọ̀.

"Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ wà nínú èyí. Oògùn àwọn baba wa ni, kì í ṣe ohun àfiṣeré, ó ń mú ara rọlẹ̀ gan-an. Oògùn kẹ́míìsì yìí náà ń mú ara rọlẹ̀. Ẹ fi méjèèjì lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lórí, ẹ wá sọ fún mi pé ó ṣubú ní ọjọ́ Àìkú. Èwo nínú àwọn tó fún yín ló mọ̀ nípa èkejì?"

Àkíbù bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìgò padà sínú àpò. Ojú tì í, ó sì ń bínú pé ojú ń ti òun.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Dókítà ní kí wọ́n dá asofẹ́yẹjẹ àti oògùn oorun dúró lójú ẹsẹ̀. Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Ó ní kí Bushrah padà sídìí irun dídì. Ó ní ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí Àkíbù mú àáfà àti oníṣègùn wá, kí gbogbo wọn jókòó lójú kan. Ó wá sọ ohun tó le jù.

"Lójoojúmọ́, ẹ̀yin bàbá rẹ̀, ẹ fi wákàtí kan jókòó tì í. Ẹ má ṣe iṣẹ́, ẹ má bi í ní ìbéèrè, ẹ má wàásù fún un. Ẹ kàn jókòó."

"Kí n máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ máa jókòó."

Ìbá rọrùn fún un kí wọ́n ní kí ó ru òkè Màpó. Ní ọjọ́ kìíní, kò tíì gbóná lórí ẹní tó fi rántí òwú tó gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù, ó sáré lọ mú un, kò sì padà wá. Ní ọjọ́ kejì, ó mú fìlà dání láti máa gbá etí rẹ̀, ìyẹn ò sì dá a dúró. Ní ọjọ́ kẹta, Mutmainnah wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ, ẹ ò gbọdọ̀ pẹ́." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, bí àgbà ti ń tu ọmọdé nínú. Àkíbù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a dé Ọjà'ba, ó sì bínú sí oníbàárà méjì tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Àáfà Zakariyya ló kọ́kọ́ dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fákáyọ̀dé dé, ó jókòó tì í. Aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ara ilé.

"Ta lẹ bá wá?" ni Fákáyọ̀dé bi àáfà.

"Àkíbù onífìlà ni. Ọmọ rẹ̀ ni mò ń bá a tọ́jú."

"Àkíbù wo? Kánmọ́kánmọ́?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Ojú rẹ̀ dàbí ojú ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó kan sí Òkè Bọ́lá, tó fẹ́ òmíràn sí Bẹẹrẹ, tí àwọn ìyàwó wá pàdé lẹ́nu omi ẹ̀rọ.

"O ní èmi nìkan lo gbójú lé," ni àáfà wí.

"Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn," ni Fákáyọ̀dé wí. "Àkíbù, ká ní o sọ fún mi pé o ń fún un ní oògùn oyìnbó, ṣé n ó fún ọ ní gbòǹgbò yẹn? O fẹ́ fi ọwọ́ mi pa ọmọ rẹ?"

Dókítà ló bá wọn dá sí i. Ó ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í gba ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ya." Àwọn àgbà méjèèjì rẹ́rìn-ín, ara sì tù wọ́n. Fákáyọ̀dé ní àgbo parí, ewé ìwẹ̀ tó ń tu ara nìkan ni òun á máa já fún un. Àáfà ní hántú náà lè dúró. Ohun tí òun ṣàkíyèsí ni pé ọmọ fẹ́ràn kí àwọn jọ máa ké Kùráánì, ìgbà náà nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dúró, òun á máa wá bá a ké e lẹ́yìn alásárì. Dókítà kọ ìwé sí àwọn tíṣà pé tí àyà ọmọ bá já, kí wọ́n jẹ́ kí ó pe ilé lórí fóònù dípò kí ó rìn jáde. Ó kù díẹ̀ kí inú Àkíbù máa dùn. Ó ti ń wo ilẹ̀kùn.

"Ó ku ohun kan," ni Dókítà wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà lọ."

Àkíbù dìde díẹ̀, ó tún jókòó. Dókítà ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mutmainnah ló kọjú sí.

"Ọmọ mi, kí lo máa ń wá níwájú imú ènìyàn?"

Ọmọ náà fi etí hìjáàbù rẹ̀ wé ìka. "Kí n lè mọ̀ bóyá oorun ni."

"Kí ló mú ọ máa ṣe iyèméjì?"

"Lọ́jọ́sí, wọ́n ní oorun ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mutmainnah gbójú sókè, ó wo bàbá rẹ̀ tààrà, ó sì gbé ojú kúrò. "Mi ò rántí mọ́," ni ó wí.

Ó rántí. Àkíbù mọ̀ pé ó rántí, ó sì mọ̀ pé ó ń bo òun láṣìírí níwájú àlejò. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, kò sì padà. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè Bọ́lá títí dé ìsàlẹ̀ Màpó, lábẹ́ oòrùn, ó ń forí gbá ènìyàn, ó ń tọrọ àforíjì láìdúró.

N ó sọ ohun tó sá fún. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ó sáré wálé wá mú aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú fìlà, tí ìyá náà máa ń bá a tọ́jú. Iná ò sí, ooru mú gan-an. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, Mutmainnah jókòó tì í. Ọmọ ní, "Bàbá, Ìyá Àgbà ò dá mi lóhùn." Ó ní, "Oorun ni. Má jí wọn. Fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, ooru pọ̀." Ìṣísẹ̀ méjì ni ìbá gbé wọlé kí ó tó fọwọ́ kan ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ mú aṣọ lórí àpótí, ó sì sáré lọ. Nígbà tí àwọn obìnrin ilé wá pe Ìyá Àgbà fún àlùwàlá alásárì, ó ti tutù. Mutmainnah ṣì ń fẹ́ ẹ. Àkíbù ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ náà mọ́, òun náà ló mú Mẹ́kà wá. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ló ń jẹ ẹ́ nínú: bóyá ìyá òun ò tíì kú nígbà tí òun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ká ní òun wọlé ni.

Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ọmọ kò ṣubú mọ́, Bushrah ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú di irun kékeré tó kù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá imú ènìyàn kiri. Ní Jímọ̀ kejì tí Bàbá Muhydeen dá, Àkíbù kírun tán, kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Fìlà ìgbéyàwó tó yẹ kí ó jáde lọ́jọ́ kejì wà nílẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá ń pe fóònù rẹ̀ ṣáá, ó sì pa á. Ó gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Gbogbo ara rẹ̀ ní kí ó sáré, kí ó gbé ọmọ náà sá lọ síbikíbi. Ó mú ẹní Ìyá Àgbà, ó tẹ́ ẹ síwájú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú rẹ̀.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá ti ṣe báyìí sí i, ńṣe ni Àkíbù máa ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù, á ní, "Mo wà láàyè, jàre!" Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí ọwọ́ náà wá. Ó tutù. Ó mí sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mutmainnah, mi ò sùn."

Ọmọ fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀. Ó dì í mú.

"Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá mi náà ò sùn. Wọ́n ti kú, tàbí wọ́n ń kú lọ, mi ò mọ̀, torí mi ò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti wò wọ́n. Èmi ni mo sọ fún ẹ pé oorun ni. O fẹ́ jí wọn, èmi ni mo ní kí o má jí wọn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èmi ni."

Ó la ojú. Ó rí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn: Bàbá Muhydeen, ọkùnrin méjì tó bá mọ́tò wá, Àáfà Zakariyya tó sáré dé, Bushrah tó ká ọwọ́ lérí. Ó ti pẹ́ jù láti dákẹ́. Ó fi ọwọ́ lu sìmẹ́ǹtì. "Wọn ò lọ sí Mẹ́kà. Ibí ni wọ́n wà. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn."

"Mo mọ̀," ni Mutmainnah wí. "Ọjọ́ tí a dé láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀." Ó jókòó sórí ẹní. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bàbá, atẹ́gùn tí mo fẹ́ sí wọn yẹn, ṣé ó dé ara wọn?"

Kánmọ́kánmọ́, ẹni tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wo ojú àáfà. Àáfà wo ilẹ̀.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ni ó wí.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ẹkún ọdún kan ni, ó kígbe rẹ̀ bí ọmọdé ti ń kígbe, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó dákẹ́. Bàbá Muhydeen rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe," ni ó wí. "Gbogbo wa la jọ sọ pé Mẹ́kà." Lẹ́yìn náà ni ó wo àwọn ọkùnrin méjì yẹn. "Ẹ gbé mọ́tò yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ parí. Wọ́n ṣì ń lọ sí Òkè Bọ́lá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pe ilé lórí fóònù nígbà mìíràn tí àyà rẹ̀ bá já nílé ẹ̀kọ́. Obìnrin tó bí ìkókó yẹn ò tíì jẹ́ kí ó gbé ọmọ òun.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Jímọ̀ náà, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, ẹkún mú Mutmainnah sùn sórí ẹní Ìyá Àgbà, lójú mọ́mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan. Iná ò sí, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Àkíbù wò ó. Ọmọ náà kò mira rárá. Ẹ̀rù bà á, ó na ọwọ́, ó tẹ́ ẹ síwájú imú ọmọ rẹ̀, ó sì dúró títí èémí gbígbóná náà fi kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wọ inú yàrá lọ, ìṣísẹ̀ méjì, ó mú abẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀ níbi tó há a sí lára ògiri, ó padà wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Wọ́n pe ìrun alásárì. Apá ń dùn ún. Kò dìde.